Mọ́tò kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu rìn: Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ní àwọn lè sọ lítà epo kan di méjì

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù ṣe rí lára ẹni tó ń wa mọ́tò nílẹ̀ yìí gan-an nìyẹn, pàápàá láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ nílùú Àbújá pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo kan tí kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba ṣáájú ìkéde yẹn, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi ń sún mọ́ 500. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Awakọ̀ tó ń ra lítà 20 lójúmọ́ kò nílò olùkọ́ ìṣirò kó tó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Owó tó fi ń ra epo ọjọ́ márùn-ún tẹ́lẹ̀ ni kò lè ju ti ọjọ́ kan lọ mọ́.

Irú àsìkò báyìí ni ọ̀rọ̀ dídùn máa ń rí ẹni gbọ́ ọ. Ibi tí òkú ẹran bá wà, ibẹ̀ ni igún ń kóra jọ sí. Nígbàkigbà tí owó epo bá ti gbówó lórí, lórílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́, àwọn kan máa ń yọjú pé àwọn ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn kan á gbé hóró oògùn wá, wọ́n á ní kí ẹ jù ú sínú táǹkì. Àwọn mìíràn á ní òòfà ni kí ẹ so mọ́ ọ̀pá tí epo ń gbà lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ ki nǹkan kékeré kan tó ń tan iná wínníwínní bọ ojú ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú mọ́tò. Èyí tó gbóná jù nínú wọn ni ti àwọn tó ní omi lásán ni mọ́tò yín yóò máa mu. Ìlérí wọn kò sì kéré: epo yín yóò dín kù ní ìdajì, lítà kan yóò máa ṣe iṣẹ́ méjì.

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa bi wọ́n kò le rárá: ta ló ti wọ̀n ọ́n, tí kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tà á? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí irú ọjà yìí ti ń jáde láyé, ibi ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ni ìlérí ńlá wọn sì ti máa ń kú sí.

ÌTÀN NÁÀ TI PẸ́

Ní oṣù kẹrin, ọdún 1916, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Louis Enricht, tó ń gbé ní Farmingdale nítòsí New York, l'Amẹ́ríkà, pe àwọn akọ̀ròyìn jọ. Ó ní òun ti rí ohun tí òun lè pò mọ́ omi tí mọ́tò yóò fi máa rìn, tí owó jálọ́ọ̀nù kan kò sì ní ju sẹ́ǹtì kan lọ. Ó jẹ́ kí wọ́n yẹ táǹkì wò dáadáa. Ó bu omi, ó da oje aláwọ̀ ewé kan sí i, ó rọ ọ́ sínú mọ́tò, mọ́tò sì ṣí lójú gbogbo wọn. Òkìkí kàn káàkiri. Henry Ford, gbajúgbajà onímọ́tò, pàápàá fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Enricht kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìdí oje náà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n lórí jìbìtì mìíràn tó fara jọ ọ́: ó gba owó lọ́wọ́ ẹni pé òun yóò máa fún bẹntiróòlù jáde láti inú erùpẹ̀ àbàtà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ibi kan nínú ìtàn yẹn. Mọ́tò náà ṣí lóòótọ́. Àwọn kẹ́míkà kan wà tí ènìyàn lè pò mọ́ omi, irú bíi asitónì tí wọ́n ti rọ gáàsì tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin sí, tí ẹ́ńjìnnì yóò fi jí. Ṣùgbọ́n àwọn kẹ́míkà náà gan-an ni mọ́tò ń jó, kì í ṣe omi. Wọ́n wọ́n ju epo lọ, wọ́n sì ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Nítorí náà, kí ènìyàn rí mọ́tò tó ń rìn kò tíì tó ẹ̀rí. Ohun tó ń jó nínú rẹ̀, àti iye rẹ̀, ni ká béèrè.

Lẹ́yìn Enricht ni Charles Nelson Pogue, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ ní àwọn ọdún 1930 lórí kabúrétọ̀ kan tó ní yóò sọ gbogbo epo di oruku kó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn ènìyàn ń gbé e kiri pé mọ́tò tó lo kabúrétọ̀ náà rin máìlì 200 lórí jálọ́ọ̀nù kan. Ẹ jẹ́ ká fi sí ọ̀nà tiwa. Ìyẹn ni pé jálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo yóò gbé mọ́tò láti Èkó dé Ìbàdàn, yóò gbé e padà sí Èkó, èyí tó kù yóò sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dé Ṣágámù. Kò sí ẹni tó ní ìwọ̀n lọ́wọ́, tí kò sì ní èrè kankan nínú rẹ̀, tó rí i kí ó ṣẹlẹ̀ rí.

Ti Stanley Meyer ti ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sọ dòní. Ó ní òun ti ṣe ẹ̀rọ tó ń ya omi sọ́tọ̀ sí gáàsì, tí mọ́tò yóò sì máa jó gáàsì náà. Ó ní jálọ́ọ̀nù omi 22 tó láti gbé mọ́tò òun láti Los Angeles dé New York. Àwọn tó fi owó dókòwò pẹ̀lú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 1996, àwọn ògbógi yẹ ẹ̀rọ náà wò, wọ́n ní kò sí àrà tuntun kankan nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi iná mànàmáná ya omi ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé náà ni. Adájọ́ ní jìbìtì gbáà ni, ó sì pàṣẹ pé kí ó dá 25,000 dọ́là padà fún àwọn olówó. Nígbà tí Meyer kú ní 1998, wọ́n ní wọ́n fún un ní májèlé jẹ ni. Oníṣègùn ìjọba tó yẹ òkú rẹ̀ wò sọ pé ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ nínú ọpọlọ ló pa á. Síbẹ̀, ìtàn májèlé yẹn ló ń rìn jìnnà ju ìdájọ́ ilé ẹjọ́ lọ.

Ní ọdún 1996 kan náà, nílẹ̀ Íńdíà, Ramar Pillai ti ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní òun fi ewé àti egbò sọ omi di bẹntiróòlù. Àwọn ènìyàn ńláńlá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ìwádìí àwọn agbófinró fi hàn pé àpòpọ̀ kẹ́míkà tó jáde láti ara epo rọ̀bì ló ń tà ní orúkọ ewé. Ogún ọdún gbáko ni ẹjọ́ náà gbà. Ní 2016, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún un. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Pillai yìí pé ogún ọdún náà géérégé.

Àmọ́ èyí tó gba owó lọ́wọ́ ènìyàn jù nínú àwọn tí a mọ̀ ni ti ilé iṣẹ́ Firepower nílẹ̀ Ọsirélíà. Tim Johnston ló dá a sílẹ̀. Hóró oògùn kékeré kan tí wọ́n ń jù sínú táǹkì, tí wọ́n ní ó ń dín epo kù, tó sì ń dín èéfín kù, ni wọ́n fi ń pe àwọn ènìyàn wá ra ìpín ìdókòwò. Wọ́n ra ẹgbẹ́ báskẹ́tíbọ́ọ̀lù Sydney Kings, wọ́n ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ eléré ìdárayá mìíràn, wọ́n ń bá àwọn olóṣèlú ya fọ́tò. Akọ̀ròyìn kan, Gerard Ryle ti ìwé ìròyìn Sydney Morning Herald, ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè kékeré tí a wí lókè yẹn: ta ló ti wọ̀n ọ́n? Ní 2008, ilé iṣẹ́ náà dojú dé. Nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù dọ́là ilẹ̀ wọn ni àwọn ènìyàn tó ra ìpín pàdánù. Ẹgbẹ́ Sydney Kings tí kò rí owó oṣù àwọn eléré rẹ̀ san pàdánù ìwé àṣẹ tó fi ń kópa nínú ìdíje.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ LÍTÀ EPO KAN?

Ẹnìkan lè ní, ‘Ṣé nítorí pé àwọn oníjìbìtì wà, ni kò fi lè sí olóòótọ́ kan láàárín wọn?’ Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú epo fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń lo mítà iná tí wọ́n ń rọ káàdì sí mọ ohun tó ń jẹ́ yúníìtì. Agbára tó wà nínú lítà bẹntiróòlù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúníìtì iná 9. Òye Ọlọ́run àti ti ilẹ̀ ló fi í síbẹ̀, ẹ̀rọ kankan kò lè sọ ọ́ di 18. Nínú yúníìtì 9 yìí, bíi méjì tàbí mẹ́ta ni mọ́tò lásán ń rí lò láti fi yí táyà. Èyí tó kù ń bá ooru lọ, apá kan gba ọ̀pá èéfín jáde, apá kan gba inú omi rédíétọ̀.

Ibí yìí ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà ti ń rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n á ní, ‘Ẹ ò rí i? Epo yín kò jó tán, òfò ni ẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀rọ wa yóò mú kí ó jó tán pátápátá.’ Ọ̀rọ̀ náà dà bí òótọ́, ṣùgbọ́n ohun méjì ni wọ́n dà pọ̀. Kí epo má jó tán, ọ̀tọ̀ ni. Kí epo jó tán kí ooru rẹ̀ sì bá afẹ́fẹ́ lọ, ọ̀tọ̀ ni. Nínú mọ́tò tó ń lo ẹ̀rọ tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì, tí ara rẹ̀ sì dá, epo tí kò jó kì í tó lítà mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Bí oògùn kan bá tilẹ̀ mú kí gbogbo rẹ̀ jó tán láìku ìkán, lítà mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún yìí ni gbogbo ohun tó lè rí gbà padà. Níbo ni àádọ́ta tí wọ́n ṣèlérí yóò ti wá?

Ní ti ooru tó ń bá èéfín lọ, kì í ṣe àìjóná epo ló fà á, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Láti 1824 ni Sadi Carnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀rọ yòówù tó bá ń fi ooru ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ apá kan ooru náà. Ẹni tó bá fẹ́ dín in kù yóò tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe láti ìpìlẹ̀ ni. Òòfà tí a so mọ́ ọ̀pá epo kò dé ibẹ̀.

Ní ti omi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rú wa lójú. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní haidirójìnnì, bó bá jó tán, omi ló ń dà. Omi jẹ́ eérú ohun tó ti jóná tẹ́lẹ̀. Ta ló ń fi eérú dáná? A lè sọ omi padà di gáàsì lóòótọ́, àmọ́ iná mànàmáná la ó fi ṣe é. Iná náà yóò wá láti ara ọ́tánétọ̀ mọ́tò, ẹ́ńjìnnì ló ń yí ọ́tánétọ̀, bẹntiróòlù ló sì ń yí ẹ́ńjìnnì. Ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni díẹ̀ ń ṣòfò. Ó dà bí ẹni tó yọ 100 náírà lápò ọ̀tún, tó san owó alárinà lórí rẹ̀, tó wá fi 50 tó kù sí àpò òsì, tó ń yọ̀ pé òun jèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa nílé. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2012, níbi ìpàtẹ Maker Faire Africa tó wáyé l'Ékòó, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún pàtẹ jẹnẹrétọ̀ kan tí wọ́n ní ìtọ̀ ló ń lò. Gbogbo ayé ròyìn rẹ̀ pé lítà ìtọ̀ kan ń fúnni ní iná wákàtí mẹ́fà. Ó yẹ ká yin àwọn ọmọ náà, nítorí ọgbọ́n orí àti ọwọ́ wọn. Àwa àgbà tó ń gbé ìròyìn kiri ló yẹ kó bi ara wa léèrè pé iná tí wọ́n fi ń ya ìtọ̀ náà sí gáàsì, níbo ló ti ń wá, mélòó ni? Kò sí bí iná tó jáde yóò ṣe pọ̀ ju èyí tó wọlé lọ.

ÀWỌN TÓ TI WỌ̀N Ọ́N

Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká, tí wọ́n ń pè ní EPA, ti yẹ irú ẹ̀rọ báyìí tó lé ní 100 wò láti àwọn ọdún 1970. Èyí tó pọ̀ jù lọ kò ṣe nǹkan kan. Àwọn ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣe nǹkan, bíńtín ni, àwọn kan nínú wọn sì ń mú kí èéfín burú sí i. Ìwé ìròyìn Popular Mechanics náà kó oríṣiríṣi jọ ní 2005, wọ́n dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò rí ọ̀kan tó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbiná. Ní 2009, àjọ FTC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà níbẹ̀ gbé àwọn kan lọ sílé ẹjọ́ ní New Jersey tí wọ́n ń ta àpótí omi kan pé yóò dín epo kù ní ìdajì.

Kì í ṣe àwọn kéékèèké nìkan ló ń sọ àsọdùn o. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Hyundai àti Kia ti ilẹ̀ Kòríà gbà pé iye kìlómítà tí àwọn kọ sára àwọn mọ́tò kan l'Amẹ́ríkà ga ju bó ṣe rí lọ. Ní 2014, wọ́n gbà láti san owó ìtanràn 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Mitsubishi ti ilẹ̀ Jàpáànù jẹ́wọ́ pé àwọn yí ìṣirò epo po lórí mọ́tò kékeré 625,000, ó sì hàn pé láti 1991 ni wọ́n ti ń lo ọ̀nà ìwọ̀n tí òfin kò fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Àsọdùn àwọn wọ̀nyí kò ju ìwọ̀nba lọ, síbẹ̀ ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, nítorí ẹlòmíràn tún un wọ̀n. Bí ilé iṣẹ́ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún onímọ̀ ẹ̀rọ bá ń yí ìwé nítorí ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, báwo ni ẹni tó ń ta hóró oògùn lábẹ́ agboòrùn yóò ṣe fún wa ní àádọ́ta?

KÍ LÓ DÉ TÍ ÀWỌN KAN FI Ń BÚRA PÉ Ó ṢIṢẸ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ó pàdé ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí yóò sì fi Ọlọ́run búra pé epo òun dín kù lẹ́yìn tí òun ra ẹ̀rọ náà. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló tàn án. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó ńlá ra ohun tó ń dín epo kù yóò máa wo géèjì epo lemọ́lemọ́, yóò máa rọra tẹ mọ́tò, kò ní í sáré já bọ́ọ̀sì mọ́, kò ní í fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa jó lásán. Ẹsẹ̀ tó rọ̀ yẹn ló dín epo kù, àmọ́ ẹ̀rọ ló gba ìyìn. Àwọn mìíràn tún ń pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e sí i. Lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí ẹsẹ̀ bá padà sí bó ṣe wà, owó ti lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, ẹ wò bó ṣe lè ṣe é láì san owó. Ẹ ra epo kún táǹkì, ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀. Ẹ wa ọ̀nà kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ padà sí ilé epo kan náà, ní ojú ẹ̀rọ kan náà, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ìwọ̀n rẹ̀ pé. Ẹ kún un padà, kí ẹ fi iye lítà pín iye kìlómítà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìsí ẹ̀rọ náà àti lẹ́ẹ̀mẹ́rin pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹlòmíràn máa bá yín gbé e sí i tàbí yọ ọ́ kúrò, láì sọ fún yín èyí tó ṣe. Bí ẹsẹ̀ kò bá mọ̀, ẹsẹ̀ kò ní í lè ṣe ojúsàájú.

‘ÀWỌN ELÉPO LÓ GBÉ E PAMỌ́’

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibí yìí, ohun tí wọ́n máa ń sọ kẹ́yìn ni pé àwọn ilé iṣẹ́ elépo ló ra àṣírí náà, tí wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà máa ń wọni lára, torí kò sí ẹni tó fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ kì í ṣe ìwé àṣírí. Ẹni tó gbà á ní láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé, ìjọba tó fún un kò sì ṣẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìwé ti Pogue ṣì wà níta, àṣẹ orí wọn sì ti tán ó lé ní 70 ọdún. Ẹnikẹ́ni tó bá wù lè ṣe kabúrétọ̀ náà lọ́la láì bẹ ẹnikẹ́ni. Ta ló ṣe é? Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà, irú bíi Jàpáànù, tí gbogbo epo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ rírà láti òkè òkun. Àwọn ọmọ ogun ayé ń jó epo bí ẹni ń da omi. Kí ló lè mú kí wọ́n kọ ohun tí yóò dá ìdajì owó wọn padà? Ẹni tó bá fẹ́ yáni lẹ́wù, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

OHUN TÓ Ń DÍN EPO KÙ LÓÒÓTỌ́

A kò sọ pé kò sí ìtẹ̀síwájú. Nígbà tí Toyota gbé mọ́tò Prius jáde ní Jàpáànù ní oṣù kejìlá, ọdún 1997, ó dín epo kù gan-an ní ìgboro. Kò sí idán nínú rẹ̀. Ó ní bátìrì ńlá àti mọ́tò iná. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára tó yẹ kó di ooru lásán ló ń padà sínú bátìrì. Bó bá sì dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì a kú fúnra rẹ̀. Ibi tí epo tó dín kù ti wá hàn kedere, ẹnikẹ́ni sì lè wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti gáàsì CNG tí ìjọba àpapọ̀ ń gbé lárugẹ láti 2023. Kì í sọ lítà kan di méjì. Epo mìíràn tí owó rẹ̀ kéré ni, kò sì bá ọ̀rọ̀ àwọn onídán yìí tan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó lọ sí ibi tí wọ́n ní ìwé àṣẹ, nítorí sílíńdà tí kò dára kì í ṣe ohun eré.

Fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká Prius tàbí CNG, nǹkan wà tó lè ṣe lónìí. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ìwàkuwà, ìyẹn kí a máa tẹ iná ṣíṣẹ́ kí a sì tún máa tẹ bíréèkì ṣíṣẹ́, lè gba nǹkan bíi 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún lójú títì gbọ̀rọ̀, kí ó sì tó 10 sí 40 nínú ìgboro tí mọ́tò ti ń dúró tó ń rìn. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó tọ́. Ẹ kó ẹrù tí kò wúlò kúrò nínú bọ́ọ̀tì. Iná pupa tàbí iná ẹ́ńjìnnì tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín bóyá ó ti yọ thermostat dànù. Àwọn kan gbà pé yíyọ ọ́ ni kò ní í jẹ́ kí mọ́tò gbóná. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ mọ́, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò á wá rò pé òwúrọ̀ ni, á máa da epo sí i. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò dùn létí tó ìtàn mọ́tò olómi, kò sì sí ẹni tó lè kó wọn sínú ìgò tà. Ṣùgbọ́n àwọn ló wà nínú ìwọ̀n. Owó tí awakọ̀ fi ra hóró oògùn tí kò ṣiṣẹ́, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ni, owó oúnjẹ ilé rẹ̀ ni. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tí wọ́n bá tún gbé e dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì bú wọn. Ẹ kàn ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún oṣù méjì, kí ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín, bó bá sì dín epo kù bí wọ́n ṣe wí, ẹ ó san owó rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ìdáhùn wọn ni yóò sọ ohun tó wà nínú àpótí náà fún yín.